Láti Etí Odò Ọbà: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Èdè Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn láàrin Ọ̀wọ́ Ènìyàn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò èdè tí àwọn Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ohun tí èdè náà ń fi hàn, ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀, àti ẹni tí ó ń gbà láyè láti sọ tinú rẹ̀. Ìlú Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ibùdó ìwòye. Ohun tí a tú palẹ̀ ni ìtàn ìwáṣẹ̀ Ọbà àti ti Ṣàngó, àwọn gbólóhùn tí ó jẹ mọ́ inú, ọkàn, orí àti ayé, òwe, ìkíni, pẹ̀lú àbájáde ìwádìí àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ọdún 1953. Èrò tí iṣẹ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe àìní orúkọ ni ìṣòro Yorùbá lórí àrùn yìí. Ìṣòro náà ni pé ọ̀wọ́ ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àwùjọ ti là sílẹ̀ fún un, ìtumọ̀ tí ó bá sì ń wá orúkọ kan ṣoṣo kò ní í gbọ́ ohùn wọn.

Ìfáárà

Odò Ọbà kì í ṣe odò lásán fún àwọn ará Ìwó. Orúkọ rẹ̀ wà nínú oríkì ìlú, Olódò Ọbà ni a sì ń pe àwọn ọmọ ibẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá dé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn tí ó bí orúkọ yìí mọ̀ pé obìnrin tí ìbànújẹ́ borí rẹ̀ ni ó di omi. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí àwọn apàlọ́ sábà máa ń fà yọ nínú ìtàn náà ni pé owú jíjẹ kò dára. Wọn kì í sábà béèrè ohun tí ó ṣe ọkàn Ọbà fúnra rẹ̀. Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ìwó yẹ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nítorí irú ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Ìlú àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ni láti ayé àtijọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́, orí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn àtijọ́ sì ni Yunifásítì Bowen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, wà. Àgbà àgbẹ̀, ìyálọ́jà, áfáà, pásítọ̀, abiyamọ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá jọ ń gbé ìlú kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n.

Ìdí kejì jẹ mọ́ ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀. Ní ọdún 2015, Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde nípa iṣẹ́ àwòṣe kan tí wọ́n ṣe ní Ọ̀ṣun. Wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera 198 láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ 8 bí wọn yóò ṣe máa dá àrùn ọkàn mọ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú ìwé atọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì mú ọ̀rọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà àwọn onímọ̀ èdè. Nọ́ọ̀sì tí ó jókòó ní ilé ìwòsàn kékeré kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ ọkàn wò. Ìbéèrè nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀, Yorùbá ni yóò sì fi bi í. Bí ìbéèrè náà bá ṣì ẹnu ọ̀nà, aláìsàn yóò dúpẹ́, yóò gba oògùn orí fífọ́, yóò sì padà sílé pẹ̀lú àrùn rẹ̀.

Àìní orúkọ àti àìní àrùn

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú èyí tí ó ti sọ pé ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní depression ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà. Lójú rẹ̀, ẹni tí kì í dá ara rẹ̀ lẹ́bi kò lè ní irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó nílẹ̀ Yorùbá, tàbí tí ó bá ti rí àgbà tí ó fọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn òkú ọmọ, yóò mọ̀ pé ohun tí Carothers pè ní àìsí kò ju àìgbọ́ èdè lọ.

Ìdáhùn wá láti Abẹ́òkúta. T. A. Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí nínú ìlú àti abúlé Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí i pé àwọn Yorùbá mọ àwọn àmì àrùn náà dáadáa: ẹkún àsunùndá, àníyàn, àìlejẹun, agara ara, kí nǹkan ayé má wu ènìyàn mọ́. Ohun tí wọn kò rí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo àwọn àmì yìí pọ̀. Ní ọdún 1968, Raymond Prince, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní Arò, béèrè bóyá àrùn náà ni ó ń pọ̀ sí i ní Áfíríkà tàbí ojú àwọn oníṣègùn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí i.

Àwọn ará Arò tú irọ́ Carothers fó, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n lójú lámèyítọ́, ohun kan kù. Wọ́n gbé àkójọ àmì dání láti inú èdè mìíràn, wọ́n sì ń ṣa àwọn èérún rẹ̀ nínú Yorùbá, bí ẹni pé àwo kan ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Wọn kò yí ìbéèrè náà padà láti wádìí bí Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe ń so àwọn àmì wọ̀nyí pọ̀. Yorùbá ń so wọ́n pọ̀. Inú gírámà ni ó ti ń ṣe é, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀-orúkọ.

Àrùn tí ó ń gbé inú gbólóhùn

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ gan-an: inú mi bàjẹ́; ọkàn mi kò balẹ̀; orí mi ń gbóná; oorun kò kùn mí; oúnjẹ kò wù mí jẹ; nǹkan kan kò dùn mọ́ mi mọ́; ó rẹ̀ mí; ayé sú mi. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, aláìsàn kò sí ní ipò olùwà. Nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀yà ara tàbí ẹ̀yà ọkàn ni olùwà, aláìsàn kàn ni ín ni. Nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, oorun, oúnjẹ, nǹkan àti ayé ni ó wà ní ipò olùwà, aláìsàn sì di àbọ̀, ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìṣọ̀kan tí àwọn ará Cornell ń wá nìyí. Yorùbá ti pinnu nínú gírámà rẹ̀ pé àrùn yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Wàyí o, ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí àwọn atúmọ̀ ń lò jù lọ lóde òní: ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìsoríkọ́. A ṣẹ̀dá èkejì láti inú so, orí àti kọ́. Ta ni ó ń so orí kọ́? Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni. Ó sorí kọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni aláìsàn kúrò ní ipò àbọ̀, tí ó di olùwà, ẹni tí ó ń ṣe nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú rẹ̀wẹ̀sì, tí etí Yorùbá ti mọ̀ láti orí pẹpẹ ìwàásù gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ìgboyà rẹ̀ yẹ̀. Ìdánwò kékeré kan yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. A lè pàṣẹ fún ènìyàn pé: má rẹ̀wẹ̀sì, má sorí kọ́. Kò sí bí a ṣe lè pàṣẹ fún un pé kí oorun kùn ún. Ohun tí a bá lè pàṣẹ rẹ̀ ni a lè fi bá ènìyàn wí. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sọ pé òun ní ìsoríkọ́, ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ará ilé ni pé kí ó gbé orí sókè, kí ó ṣe bí ọkùnrin, kí ó rántí Ọlọ́run.

Òwe kan wà tí ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: ìbànújẹ́ sorí àgbà kodò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni so, orí kan náà sì ni. Ṣùgbọ́n nínú òwe, ìbànújẹ́ ni olùwà. Òun ni ó so orí náà, orí àgbà sì ni àbọ̀. Àgbà kò ṣe ojo, kò sì kọ ìmọ̀ràn. Ohun kan tí ó ní agbára jù ú lọ ni ó gbé orí rẹ̀ wálẹ̀. Òwe yìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ tí a fà yọ láti inú ìṣe kan náà ti gbàgbé.

Kò túmọ̀ sí pé kí a ju ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nù. Ó ti wọ ètè àwọn ènìyàn, orí rédíò àti nínú ìwé, iṣẹ́ yìí pàápàá sì ń lò ó. Síwájú sí i, ìrẹ̀wẹ̀sì lè dé bá ènìyàn, èyí sì dá aláìsàn padà sí ipò àbọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ọkàn, tí àwọn kan náà ń lò, sún mọ́ gírámà àtinúdá Yorùbá jù. Àárẹ̀ a máa mú ènìyàn. Kò sí ẹni tí í bá ẹni tí àárẹ̀ mú jà. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń pò fún un.

Ọbà àti Ṣàngó: ìbànújẹ́ méjì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ méjì

Ìtàn Ọbà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ kò gùn. Ọ̀ṣun tan orogún rẹ̀ jẹ pé etí òun ni òun sè nínú ọbẹ̀ tí Ṣàngó fi fẹ́ràn òun. Ọbà gé etí tirẹ̀, ó sè é. Ṣàngó rí i, ó kórìíra rẹ̀, ó bínú. Ọ̀ṣun ṣí gèlè, etí rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Ọbà di odò, Ọ̀ṣun náà di odò, ibi tí omi méjèèjì ti pàdé kò sì rọgbọ.

Bí a bá fi ojú ìmọ̀ ìsọ̀tàn wò ó, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò kárí. Ọ̀ṣun ní ẹ̀tàn àti ẹ̀rín, Ṣàngó ní ìbínú, apàlọ́ ní ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti kan etí Ọbà, ohùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọnù. A kò gbọ́ bí ó ṣe ń dùn ún. A kò gbọ́ bí ó ti pẹ́ tó tí kò ti rí ojú rere ọkọ kí ó tó gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ti gbà pé ara òun kò níye lórí àfi bí òun bá gé nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ tí ó mú ọ̀bẹ. Àpamọ́ ìtàn náà nìyí, àpamọ́ yìí sì ni orúkọ owú ń bò. A pe àìsàn ní ìwà, a sì fi ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin.

Èdè tọ́jú nǹkan kan fún un, ó ṣe tán. Etí ni Yorùbá ń pe bèbè odò. Odò tí ó gba orúkọ obìnrin tí kò létí mọ́ ní etí méjì, ìhín àti ọ̀hún, gbogbo ẹni tí ó bá sì lọ pọnmi ní láti dúró níbẹ̀. Bóyá ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rò ó tàbí kò rò ó, àwòrán náà wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó.

Ìtàn Ṣàngó yàtọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, sọ pé Ṣàngó dán oògùn tí ó ń pe mànàmáná wò, iná sì ṣẹ́ lu ààfin ara rẹ̀, ó pa àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó kọ ìtẹ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Tápà pọ̀n, àwọn ọmọlẹ́yìn sì ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan, ó sì pa ara rẹ̀. Bí a bá bọ́ aṣọ òrìṣà kúrò lára ìtàn yìí, ohun tí ó kù yóò yé oníṣègùn ọpọlọ èyíkéyìí: òfò ọmọ, ìdálẹ́bi, pípàdánù ipò, oko-àìnílé, àti ìdánìkanwà. Àwọn ọmọ ènìyàn tí ìdálẹ́bi kò lè pa, gẹ́gẹ́ bí Carothers ṣe rò, kọ́ ni wọ́n pa ìtàn yìí.

Nínú eré Dúró Ládiípọ̀, Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, ọ̀ràn Tìmì àti Gbọ̀nkáà ni ó gba iwájú. Òfò ilé kọ́ ni ó wà láàrin gbùngbùn, bí kò ṣe ìtìjú ọba lójú ayé. Ṣùgbọ́n ìtàn méjèèjì pàdé níbi gbólóhùn tí ó di orúkọ eré náà. Ìjẹ́pàtàkì ẹ̀sìn gbólóhùn yìí kò ṣe é fi ṣeré. Ó sọ ikú di àìkú, ó gba ọba lọ́wọ́ ẹ̀sín. Lójú adósù, kì í ṣe irọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ àwòṣe fún bí ilé ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa irú ikú bẹ́ẹ̀, ó ní owó tí ó ń ná ni. Nígbà tí ikú bá ti di ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ìrora tí ó ṣáájú rẹ̀ náà kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó padà lẹ́yìn Ṣàngó lójú ọ̀nà kò ní ohun kan láti dáhùn fún.

Ọkùnrin ní ègbè tí ó bò ó mọ́lẹ̀, obìnrin ní ẹ̀kọ́ tí ó dá a lẹ́bi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tí a bi léèrè pé kí ni ó ń ṣe é.

Ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Òtítọ́ ni fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn títí dé ibì kan: kò sí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ipò tí kò lè dé. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ṣe Àbóyadé àgbà kọ́ ni ó ṣe ń ṣe Àbóyadé akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbà, nítorí níbẹ̀ ni iye tí ó mú ìyanu wá wà. Nínú ìwádìí tí Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàrin àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Ọ̀ṣun wà lára wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, nǹkan bí 7 nínú 100 ni ó ti ní àrùn náà láàrin oṣù méjìlá. Nǹkan bí 26 nínú 100 ni ó ti ní in rí láyé wọn. Ní ìdà kejì, ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà ọlọ́jọ́-orí gbogbo ní Nàìjíríà, tí wọ́n ròyìn ní ọdún 2010, rí nǹkan bí 3 péré nínú 100 tí ó ti ní in rí. Ó lè jẹ́ pé àwọn àgbà ni ó ń ṣe jù lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kò jẹ́wọ́. Oníṣirò yóò ṣe tirẹ̀. Ti lámèyítọ́ ni láti rántí pé iye náà, gbólóhùn ni kí ó tó di iye, ẹnì kan ni ó béèrè, ẹnì kan ni ó dáhùn. Lọ́dọ̀ àgbà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní orúkọ tirẹ̀: ara àgbà ni. Àìsùn, àìjẹun, ìdánìkanjókòó, gbogbo rẹ̀ ni a kó sábẹ́ ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ó kún tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, tí àwọn ọmọ ti gba Èkó àti òkè òkun lọ.

Ti abiyamọ ni ó fi ààlà èdè hàn jù. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-orúkọ fún àrùn ọkàn tí ó ń bá ìbímọ wá: abísínwín. Kò sí àìní orúkọ níbí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń pariwo, tí ó ń já síta, ni a sọ lórúkọ. Ìyá ìkókò tí ó jókòó sí yàrá, tí ó ń fún ọmọ lọ́yàn, tí omijé sì ń bọ́ láìnídìí kò já sí ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Iléṣà, Adewuya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn ní ọdún 2005 pé irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ìkíni wa mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. A ń kí i kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ìkómọ bá ti kọjá ní ọjọ́ kẹjọ, ewu ti tán lójú àwùjọ, ayọ̀ nìkan ni ó kù tí ó gbọ́dọ̀ fi hàn. Bí ó bá sunkún, aláìmoore ni. Ìyá tí kò gbọdọ̀ sunkún sún mọ́ Ọbà ju bí a ti rò lọ.

Lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, orí ni àrùn náà ń bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1960, Prince ṣàpèjúwe àìsàn kan láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà: orí gbígbóná, ojú tí ń ta, ìwé tí a kà tí kò wọlé. Ó fi orúkọ agara ọpọlọ pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Fún elédè Yorùbá, orí kì í ṣe agbárí nìkan. Òun ni ìpín, òun ni ẹlẹ́dàá ẹni. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dá owó sí orí rẹ̀, tí ó wá ń sọ ní Ìwó pé orí òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Ó ń sọ pé ọ̀nà tí a là fún òun ti dí. Oògùn orí fífọ́ kò lè dáhùn ìyẹn.

Ọ̀wọ́ kan tún wà tí ó gba inú gbogbo àwọn yòókù kọjá: àwọn onígbàgbọ́, tí ó túmọ̀ sí gbogbo ìlú. Sùúrù, tí Yorùbá gbà láti inú èdè Lárúbáwá, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó níyì jù ní Ìwó, bí àdúrà ṣe níyì láàrin Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Kò tọ́ kí lámèyítọ́ fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti mú dé èbúté. Mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì a máa fa ẹni tí ó ń dá wà jáde, èyí sì jẹ́ ìtọ́jú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ibi tí a ti lo sùúrù gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ẹni tí kò ì tíì parí gbólóhùn rẹ̀. Sùúrù tí ó dára jù ni èyí tí olùgbọ́ ní, kì í ṣe èyí tí a pa láṣẹ fún aláìsàn.

Ìkíni, ìbéèrè àti ìtọ́jú

Yorùbá jẹ́ èdè ìkíni, inú ìkíni gan-an ni ìtọ́jú ti lè bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó ti kú. Ṣé àlàáfíà ni? A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n wà. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé, ẹni tí ó bá dáhùn lọ́nà mìíràn ti tẹ àṣà lójú. Ìwó, ilé odídẹrẹ́, mọ̀ ju gbogbo ìlú lọ pé ohun ọ̀tọ̀ ni kí a tún ọ̀rọ̀ sọ, ohun ọ̀tọ̀ ni kí a sọ tinú ẹni. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá kí màmá àgbà kan, tí ó gbọ́ a dúpẹ́, tí ó sì kọ sínú ìwé pé kò sí wàhálà, odídẹrẹ́ ni ó bá sọ̀rọ̀.

Bí àtúpalẹ̀ gírámà tí ó wà lókè bá tọ̀nà, ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Kí a má béèrè ọ̀rọ̀-orúkọ. Màmá, ǹjẹ́ ẹ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn? Ìbéèrè yìí ń bẹ̀ ẹ́ kí ó sẹ́. Kí a fi gbólóhùn tirẹ̀ bi í: Màmá, ṣé oorun ń kùn yín lóru? Oúnjẹ ńkọ́, ṣé ó ń wù yín jẹ? Ohun tí ó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń dùn mọ́ yín? Ó tó ọjọ́ mélòó tí ó ti rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn oníṣègùn ń lò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, bí àwọn àmì náà bá wà lọ́pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù: Màmá, ẹ dákun, ṣé ayé ti sú yín débi pé ẹ ń rò ó pé ó sàn kí ẹ má sí mọ́? Àṣà wa ń fòyà pé ẹni tí ó bá dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ti pe ikú wá. Ìmọ̀ ìṣègùn sọ òdìkejì rẹ̀: bíbéèrè kì í gbin èrò náà, ó máa ń tú ẹni tí ó ti ń dá gbé e sílẹ̀ ni.

Òfin pẹ̀lú jẹ́ èdè. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún láti ayé amúnisìn ka ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni ìjìyà rẹ̀. Gírámà ìsoríkọ́ náà ni, tí ó wọ aṣọ adájọ́: aláìsàn di olùwà, ó di ẹlẹ́bi. Òfin ìlera ọkàn tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin ọdún 1958 tí ó fi wèrè ṣe orúkọ gbogbo aláìsàn ọkàn. Orúkọ ti yí padà nínú ìwé. Iṣẹ́ kù nínú ẹnu.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí a kọ́ láti gbọ́ wà, oògùn wà fún èyí tí ó bá le, ẹbí sì wà, gẹ́gẹ́ bí Lambo ti rí i ní Arò nígbà tí ó kọ̀ láti ya aláìsàn nípá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ó sábà ń ṣàìtó ni àtúnbẹ̀wò. Níbí, Yorùbá ní òye tí ó ti gbó: bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi tu ẹni tí ìyà ń jẹ nínú pé nǹkan yóò dára. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ kì í ṣe ìtùnú rárá. Ètò iṣẹ́ ni. Nítorí pé ọ̀la kò ṣe é fọkàn tán, a gbọ́dọ̀ padà wá béèrè ní ọjọ́ karùn-ún, àti ní ọjọ́ karùn-ún mìíràn. Ẹni tí ó dúpẹ́ lónìí lè sọ òtítọ́ lọ́rún tí ń bọ̀, bí ó bá rí i pé ẹni tí ó bi òun tún padà wá.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé àwọn Yorùbá kò ṣaláìmọ àrùn yìí, wọn kò sì ṣaláìní èdè fún un. Wọ́n ní gírámà tí ó gba aláìsàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi, wọ́n ní òwe tí ó mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni ó ń so orí kodò, wọ́n sì ní ìtàn méjì tí ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ìwé ìbéèrè wá. Ohun tí ó ń ṣẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ òde òní, ìkíni, ìwàásù àti òfin a máa yí gírámà náà padà sódì, wọn a sì sọ ẹni tí nǹkan ń ṣe di ẹni tí ó ń ṣe nǹkan.

Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣègùn nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè, kí wọ́n sì wo ipò aláìsàn nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, yálà olùwà ni tàbí àbọ̀. Ó yẹ kí a tún gbọ́ ìtàn Ọbà pẹ̀lú etí mìíràn nínú kíláàsì lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí ó ń ka ìwé. Lójú obìnrin tí ó jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, tí ó ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè tí ó kàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.